Ṣé Òfin Fún Ẹnikẹ́ni Láṣẹ Kó Ṣe Bó Ṣe Wù Ú?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa,

 

Àdìrẹ ni mò ń tà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tà á nínú ọjà wa kí káńsù tó wó o, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un kọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n ní kí gbogbo àwa tí a ní ìsọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ra fọ́ọ̀mù. Mo rà á, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i bó ṣe yẹ, mo dá a padà, rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí wọ́n pín ṣọ́ọ̀bù, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Àwọn tí kò pàtẹ rí nínú ọjà náà rí gbà. Ẹlòmíràn tilẹ̀ gba méjì.

Mo lọ bá ọ̀gá tó wà nídìí ètò náà. Ó ní òfin ọjà sọ pé àwọn lè fún ẹni tó bá tọ́ lójú àwọn, pé "discretion" àwọn ni, kò sì sí ẹni tó lè bi àwọn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí wọ́n rí mi láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú kejì nígbà ìbò, kí n lọ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ wọn. Mo kọ lẹ́tà sí káńsù lẹ́yìn ìyẹn. Títí di òní, wọn ò ní àwọn máa fún mi, wọn ò sì ní àwọn ò ní fún mi.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọmọ àbúrò mi. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà níbi ìnáwó kan, ọlọ́pàá sì gbé àwọn méjèèjì dé kóòtù májísíréètì. Adájọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní béèlì pẹ̀lú onídùúró kan ṣoṣo. Ti ọmọ wa, onídùúró méjì ni wọ́n béèrè, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀. Nígbà tí mo ní mo máa dúró fún un, akọ̀wé kóòtù ní àwọn kì í gba obìnrin. Agbẹjọ́rò kan tó wà nítòsí ní kí n fi ọkàn balẹ̀, pé adájọ́ náà ní "discretion".

Ẹ jọ̀ọ́, irú agbára wo nìyí? Ṣé ohun tí káńsù ní náà ni adájọ́ ní? Ṣé òfin kan wà lóòótọ́ tó sọ pé ẹnì kan lè ṣe bó ṣe wù ú, kí á sì máa wò ó? Kí ni mo lè ṣe?

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìpínlẹ̀ Ògùn


ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn ní ṣókí kí n tó ṣàlàyé: rárá o. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó gba òṣìṣẹ́ ìjọba láyè kó ṣe bó ṣe wù ú. Ohun tí òfin máa ń fún un nígbà mìíràn ni àyè láti lo òye, èyí tí wọ́n ń pè ní "discretion". Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìfẹ́ inú àti òye, ẹnikẹ́ni ò lè fi gẹ̀ẹ́sì dẹ́rù bà á mọ́.

Kí ló dé tí òfin fi ń fi àyè sílẹ̀? Ìdí ni pé àwọn aṣòfin kò lè rí gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tán. Wọ́n lè kọ ọ́ pé ẹni tó bá jalè yóò ṣẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tó jí búrẹ́dì nítorí ebi kọ́ ni ẹni tó kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó jẹ. Bí òfin bá ní kí wọ́n fi ìyà kan náà jẹ àwọn méjèèjì, ìkà ni. Nítorí náà ni òfin ṣe ń sọ pé adájọ́ lè dá ẹ̀wọ̀n dé iye ọdún báyìí, kó má kọjá ibẹ̀. Pé ọlọ́pàá lè mú ènìyàn, ó sì lè kìlọ̀ fún un kó máa lọ. Pé gómìnà lè dárí ji ẹlẹ́wọ̀n. Bí òfin bá sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan, ó di dandan fún un. Bó bá sọ pé ó lè ṣe é, ó ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ni. Ìlú tí kò bá sí irú àyè bẹ́ẹ̀ rárá yóò le koko fún tálákà ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí tálákà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bá ohun tó wà nínú ìwé mu.

Àwọn baba wa mọ irú agbára yìí. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán lè tún ọ̀rọ̀ tò kí ó má bàa dá ìjà sílẹ̀, ó lè dúró de àsìkò tó wọ̀, ó lè yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Òye tirẹ̀ ni yóò lò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó rán an ló ń jẹ́. Bí wọ́n bá rán an lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wá lọ tọrọ rẹ̀ fún ara rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ní òye ló lò.

Ọ̀gá tí ẹ bá sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ìlú la rán an. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló fi dídá ọjà sílẹ̀ àti àbójútó rẹ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n fi síbẹ̀ kí ọjà lè tòrò, kí oníṣòwò lè rí ibi pàtẹ. Ẹni tó bá ń fi ìsọ̀ gbẹ̀san ìbò ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an nù.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí lórí irú ọ̀rọ̀ yín gan-an. Kánádà ló ti ṣẹlẹ̀. Frank Roncarelli ní ilé oúnjẹ kan ní Montréal, ilé oúnjẹ náà sì ti ní láísẹ́ǹsì ọtí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni ọkùnrin náà. Lásìkò yẹn, ọlọ́pàá ń kó àwọn ará ìjọ rẹ̀ nítorí ìwé ẹ̀sìn tí wọ́n ń pín lójú pópó, Roncarelli sì ń lọ ṣe onídùúró fún wọn. Àwọn tó dúró fún tó nǹkan bí 380. Inú bí olórí ìjọba Quebec, Maurice Duplessis. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1946, ó ní kí wọ́n gba láísẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ Roncarelli, kí wọ́n má sì fún un mọ́ láéláé. Òfin ọtí ibẹ̀ sọ pé àjọ tó ń bójú tó o lè fagi lé láísẹ́ǹsì nígbàkigbà tó bá tọ́ lójú rẹ̀. Ìyá wa, ohun tí ọ̀gá ọjà sọ fún yín kò yàtọ̀ sí i.

Kò pẹ́ tí ilé oúnjẹ náà fi kógbá sílé. Roncarelli pe Duplessis fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọdún méjìlá kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, ṣùgbọ́n nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Kánádà dájọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1959, wọ́n dá a láre, wọ́n sì ní kí Duplessis san owó gbà-máà-bínú tó lé ní 33,000 dọ́là fún un. Adájọ́ Ivan Rand ṣàlàyé pé kò sí bí ọ̀rọ̀ òfin ṣe lè fẹ̀ tó, ó ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tó bá sì lo agbára inú rẹ̀ fún nǹkan mìíràn ti jáde kúrò nínú òfin náà. Òfin ọtí wà fún ọ̀rọ̀ ọtí. Dídúró fún ará ìjọ ẹni ní kóòtù kò kan ọtí títà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ tí ẹ bá lọ nígbà ìbò kò kan àdìrẹ títà.

Ẹ má sì rò pé òfin Kánádà nìkan ló lè gbè yín. Abala 42 nínú ìwé òfin tiwa kọ̀ ọ́ kí ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí èrò òṣèlú rẹ̀. Abala kan náà ló tún dárúkọ jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ sì máa rí i láìpẹ́ pé ìyẹn náà kàn yín.

Òdiwọ̀n àkọ́kọ́ nìyẹn, pé kí á lo agbára fún ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin. Òdiwọ̀n kejì fún ẹni tó ní irú agbára yìí ni pé kó gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kó tó pinnu. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Abala 36 sọ ọ́ gbangba: òfin lè fún ìjọba lágbára láti pinnu ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀tọ́ ènìyàn, bí òfin náà bá ti fún ẹni náà láyè láti sọ tirẹ̀ kí wọ́n tó pinnu, tí kò sì sọ pé ìpinnu náà ni abẹ gé. Nígbà tí ọ̀gá yẹn wá ní kò sí ẹni tó lè bi àwọn, ohun tí ìwé òfin ilẹ̀ wa kọ̀ gan-an ló sọ lẹ́nu.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà fi èyí múlẹ̀ ní ọdún 1986 nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀, wọ́n ba dúkìá jẹ́. Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì ló ṣe alága ìgbìmọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà ṣe lọ́ṣẹ́. Ilé ẹjọ́ fagi lé ìpinnu náà. Wọn ò sọ pé yunifásítì kò lágbára láti bá akẹ́kọ̀ọ́ wí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn kò lè jẹ́ ẹni tí yóò dájọ́ rẹ̀, àti pé ẹ̀sùn ọ̀daràn ní ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo ti lẹ́tà yín tí wọn ò dá lóhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí òṣìṣẹ́ bá lágbára láti yàn, ó tún lágbára láti jókòó lé fáìlì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n fi bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa oníròyìn Dele Giwa ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, agbẹjọ́rò rẹ̀, Gani Fawehinmi, kó ohun tó ní ní ẹ̀rí lọ bá ọ̀gá tó ń rí sí ìpẹ̀jọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ní kí wọ́n pe àwọn tí òun fura sí lẹ́jọ́, bí wọn ò bá sì ní pè wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun lè pè wọ́n fúnra òun. Ìpinnu kò wá. Kóòtù méjì kọ̀ fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọ̀rọ̀ náà kàn án, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá àṣẹ kóòtù tí yóò mú olùpẹ̀jọ́ pinnu. Wọn ò bá olùpẹ̀jọ́ pinnu. Ohun tí ẹjọ́ náà kọ́ wa ni pé ẹni tí a fún ní àyè láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ láti sọ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ní ti ọmọ àbúrò yín, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Agbára adájọ́ lórí béèlì jẹ́ agbára ìlo-òye tòótọ́, ènìyàn méjì tí ẹ̀sùn wọn bára mu sì lè gba béèlì tí kò bára mu láìsí ojúsàájú. Adájọ́ á wò ó bóyá ọ̀kan ní àdírẹ́sì tó dájú tí èkejì kò sì ní, bóyá ọ̀kan ti sá fún kóòtù rí, bóyá ipa tí ọ̀kan kó nínú ìjà náà ju ti èkejì lọ. Àwọn ilé ẹjọ́ gíga kì í gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ kìkì nítorí pé àwọn ì bá ti ṣe é lọ́nà mìíràn. Ní Wednesbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káńsù gba sinimá kan láyè kó máa ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àfi kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 má wọ ibẹ̀. Oní-sinimá pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jẹ̀bi ní ọdún 1947. Kóòtù ní kìkì bí ìpinnu bá burú débi pé kò sí olóye ènìyàn tó lè ṣe é, tàbí bí káńsù bá wo ohun tí kò yẹ kí ó wò, ni òun lè dá sí i. Ìlànà yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwa.

Àmọ́ òye adájọ́ náà ní ààlà. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹjọ́ ọ̀daràn, ti ọdún 2015, sọ ní abala 165 pé ọwọ́ ilé ẹjọ́ ni ohun tí wọn yóò béèrè fún béèlì wà, ṣùgbọ́n kó wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, kó má sì pọ̀ jù. Abala 167 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ tìtorí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin kí wọ́n ní kò lè ṣe onídùúró. Àwọn ìpínlẹ̀ ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ tiwọn, agbẹjọ́rò yóò sì bá yín wo ti Ògùn. Bó ti wù kó rí, abala 42 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà níbẹ̀. Akọ̀wé kóòtù kò ní òye kankan tí yóò lò lórí bóyá obìnrin lè dúró fún ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tọrọ lọ́wọ́ adájọ́ pé kó dín ohun tó béèrè kù, kó sì sọ ohun tí akọ̀wé náà ṣe. Bí adájọ́ bá kọ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga lè tún ọ̀rọ̀ béèlì náà yẹ̀ wò.

N kò ní tàn yín o. Agbára kan wà tí kóòtù fúnra rẹ̀ kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dá ẹjọ́ ọ̀daràn dúró lábẹ́ abala 211, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sì máa lọ sílé. Ìwé òfin ní kó wo ire ará ìlú, ìdájọ́ òdodo, àti bí wọn ò ṣe ní lo kóòtù nílòkulò. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọdún 1983, nínú ẹjọ́ Ilori, lábẹ́ ìwé òfin ọdún 1979, Adájọ́ Kayode Eso sọ pé kóòtù kò lè yẹ èrò ọkàn kọmíṣánnà wò. Bó bá ṣi agbára náà lò, ẹni tó yàn án ló lè yọ ọ́, ará ìlú ló sì lè bínú sí i. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa pọ̀ sí. Níbi tí kóòtù kò bá ti lè béèrè ìdí, àwa la gbọ́dọ̀ máa béèrè rẹ̀, kí á má sì jẹ́ kó sú wa. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti ń béèrè ìdí ni owó ẹ̀yìn ń gbà wọlé.

Ó yá, Ìyá wa, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ kọ lẹ́tà mìíràn sí alága káńsù. Ẹ so ẹ̀dà rìsíìtì àti fọ́ọ̀mù yín mọ́ ọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí ọ̀gá náà àti ohun tó sọ, láìbú ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè ohun méjì péré: ìpinnu wọn lórí fọ́ọ̀mù yín, àti ìdí rẹ̀. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tí ẹ máa mú lọ sílé.

Ẹ kọ lẹ́tà ọ̀tọ̀ lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011. Nínú ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní orúkọ àwọn tó gba ṣọ́ọ̀bù àti ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún wọn láti fèsì. Bí ẹ bá rí àwọn míì tí wọ́n fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú, ẹ jọ kọ ọ́, nítorí bí ènìyàn mẹ́wàá bá béèrè ìdí kan náà, wọn ò lè ní aláròyé kan ló ń da àwọn láàmú.

Bí wọ́n bá ṣì dákẹ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ Àjọ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀hónú Ará Ìlú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ẹ kì í sanwó níbẹ̀. Bí agbára yín kò bá ká owó agbẹjọ́rò fún ọ̀rọ̀ ọmọ yín, ẹ béèrè Àjọ Tó Ń Ṣèrànwọ́ Agbẹjọ́rò fún Aláìní, tó ti wà láti ọdún 1976. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́ o. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fẹ́ kí ẹni tí yóò pè wọ́n lẹ́jọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára ló ti kú nítorí pé oníhun ń dúró de ìgbà tí inú ọ̀gá yóò yọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ mú nǹkan wá kí wọ́n lè lo òye wọn fún yín, ẹ má mú un wá. Ọjọ́ tí ẹ bá san án ni ẹ ti gbà pé ohun tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí jẹ́ ọjà títà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbàkigbà tí òfin bá sọ pé ẹ lè ṣe nǹkan, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ṣe é tàbí tí ẹ kò fi ṣe é, kódà bí kò bá ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹni tó lo òye lóòótọ́ yóò rí ìdí kọ. Ẹni tí kò bá rí ìdí tó lè kọ sílẹ̀ kí ará ìlú kà, kó tún ìpinnu rẹ̀ ṣe kó tó fọwọ́ sí i.